Káàdì Mẹ́rìnlélógún àti Ìjókòó Verla

Bí ènìyàn bá dé Ballinrae ní ìgbà òtútù, tó sì ní kí wọ́n yá òun ní páàkì káàdì kan tó pé, yóò kan ilẹ̀kùn púpọ̀ kó tó rí i. Kì í ṣe pé káàdì wọ́n níbẹ̀. Káàdì kún dúróà gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ayò káàdì tí wọ́n ń pè ní yúkà ni wọ́n ń ta ní ìlú náà, yúkà kò sì fẹ́ ju káàdì mẹ́rìnlélógún lọ, láti orí mẹ́sàn-án títí dé orí éèsì. Àwọn kéékèèké, láti méjì dé mẹ́jọ, kò níṣẹ́ kankan. Wọ́n fi àwọn kan sàmì sí ibi tí wọ́n kàwé dé nínú Bíbélì, àwọn kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì, àwọn kan sì ti bá ẹnu ọmọ ọwọ́ lọ. Kò sí ẹni tó ń wá wọn.

Ìlú yìí ni wọ́n bí Verla Kropf sí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló sì ti sin ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹyin tó wà lẹ́yìn ojú irin ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ló máa ń jókòó sí, á gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan síwájú iná kékeré kan, á sì wo inú rẹ̀ láì fọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, á yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá ní pupa méjì, á mú un lọ sílé fún ọkọ rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà gbà pé ẹyin onípupa méjì ń mú oríire wá. Iṣẹ́ náà bá ìwà Verla mu. Ẹyin kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló máa ń ṣòro fún un. Bí gbólóhùn kan bá wá sí i lẹ́nu, á kọ́kọ́ yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ẹní gbé ẹyin síwájú iná, kó lè mọ̀ bóyá àbùkù wà nínú rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́, àwọn tó kù ti bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Á wá gbé e mì. Ọ̀rọ̀ tí Verla ti gbé mì láyé yìí, bí wọ́n bá kó o jọ, á kún abà.

Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ahọ́n rẹ̀ máa ń tú. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, láti ìgbà tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já títí ilẹ̀ á fi rọ̀, àwọn àgbà ìlú máa ń pé sí gbọ̀ngàn láti ta yúkà. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń jókòó sí tábìlì, méjì á gbè sẹ́yìn ara wọn, wọ́n á dojú kọ méjì yòókù. Àwọn tó bá borí á dìde lọ sí tábìlì tó kàn, àwọn tó bá fìdí rẹmi á dúró, nítorí náà kí tíì tó dé, ènìyàn á ti bá gbogbo ilé jókòó. Ohun tí Verla fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa sọ ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó dé. "Mo kọ̀ ọ́." "Gbé e." "Èmi nìkan ni mò ń lọ." Bí wọ́n bá pín káàdì tán, wọ́n á ṣí ọ̀kan sáàárín tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á ní kí ẹni tó pín káàdì gbé e, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ á kọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó ní àbùkù nínú wọn. Á sọ wọ́n bó ṣe yẹ, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á dáhùn, láàárín rẹ̀ wọ́n á bi í nípa ògiri tó ń jò, òun náà á sì bi wọ́n nípa ọmọ wọn. Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ bá ṣú, ó ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ìgbà ìkórè ápù ni Verla jábọ́ lórí àkàsọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní London, London ti Ontario níbẹ̀, wọ́n sì to egungun náà. Lẹ́yìn èyí wọ́n ń mú un lọ sí yàrá ńlá kan lójoojúmọ́ kó lè kọ́ bí ènìyàn ṣe ń rìn. Nínú yàrá náà ló ti pàdé Achille Rondeau.

Baba náà ti dàgbà gan-an. Onídán ni láti ìgbà èwe rẹ̀, láti pápá ìṣeré dé pápá ìṣeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì gbé e wá síbẹ̀ bíi ti Verla. Káàdì kì í kúrò nínú àpò aṣọ ìsùn rẹ̀. Ó rí i pé obìnrin yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó wá yí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó tú káàdì sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó ní kó mú ọ̀kan lọ́kàn, kó má fọwọ́ kàn án, kó má sì sọ ọ́. Verla mú ọ̀kan lọ́kàn. Baba tẹ́ káàdì sí ìlà mẹ́ta, ó ní kó sọ ìlà tí káàdì rẹ̀ wà nìkan. Verla fi ìka hàn án. Ó kó o jọ, ó tún tẹ́ ẹ, ó tún béèrè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó fa káàdì kan yọ, ó sì gbé e lé Verla lórí itan. Òun gan-an ni.

Gbogbo ara Verla gbóná. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Báwo lẹ ṣe wọ inú orí mi?"

Baba náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi ò wọ ibì kankan, ọmọ mi. Káàdì ló ṣe é. Èmi kàn bá a gbé ẹrù ni."

Ó kọ́ ọ ní ọjọ́ náà gan-an. Káàdì mọ́kànlélógún, ìlà mẹ́ta, méje méje. Ìlà tí ẹni náà bá tọ́ka sí, kó fi í sáàárín àwọn méjì tó kù nígbà tó bá ń kó wọn jọ. Ìgbà mẹ́ta péré. Lẹ́yìn náà, bó ti wù kí ó rí, káàdì tó wà lọ́kàn ẹni náà á ti rìn lọ jókòó sí ipò ìkọkànlá. Baba ní kò fẹ́ ọwọ́ yíyára, kò fẹ́ ẹ̀tàn ojú, bí ewúrẹ́ bá lè pín káàdì, ewúrẹ́ á ṣe é. Ó wá rọ̀ ọ́ ní ohun kan.

"Ẹni tó bá kàn fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, má sọ fún un. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù rẹ, fi káàdì lé e lọ́wọ́, jẹ́ kí òun náà ṣe é."

Verla kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi bẹ̀rù òun. Ó mi orí, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Nígbà tó padà délé, kò tíì bọ́ kóòtù tán tó ti jókòó sí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú páàkì káàdì. Ó pín in sí ìlà mẹ́ta, ó mú ọ̀kan lọ́kàn fúnra rẹ̀, ó ṣe é bí baba ti kọ́ ọ. Ìkọkànlá kọ́ ni. Ó tún un ṣe. Ìkọkànlá kọ́ ni. Àṣé páàkì yúkà ni, mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, mẹ́jọ ló sì ń bọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ará ibòmíràn ì bá ti kà á kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ballinrae gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá káàdì nìyẹn, kò sì sí ẹni tí í yọ káàdì kúrò nínú páàkì yúkà, àfi bó bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olè.

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé káàdì náà kò sọnù. Ipò ìkejìlá ló máa ń wà, tàbí ìkẹtàlá, kì í lọ síbòmíràn. Verla bẹ̀rẹ̀ sí í lépa rẹ̀ bí ẹní lépa adìyẹ yí ilé ká. Ó pín, ó kó, ó pín, ó kó. Ọbẹ̀ jóná lórí iná, kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó pín in lẹ́ẹ̀kẹrin ló rí i. Bó bá pín in lẹ́ẹ̀kẹrin, káàdì náà kò ní wà ní àárín mọ́ láéláé. Bó bá wà ní ìlà òsì, òun ni ìkarùn-ún láti òkè. Bó bá wà ní ìlà ọ̀tún, òun ni ìkẹrin. Verla fọwọ́ lu tábìlì, ó sì pariwo débi pé ológbò rẹ̀ sá jáde. Ó jẹ ọbẹ̀ jíjóná náà tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá fi ìbẹ̀rù yọ káàdì mẹ́ta sẹ́yìn àwo tíì, ó gbìyànjú ti baba, ó sì jẹ́ bí baba ti wí. Ó rọrùn ju tirẹ̀ lọ. Ó fi páàkì tó ti dín mẹ́ta yẹn sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ronú nípa ọ̀nà tirẹ̀ mọ́.

Níbi tíì Kérésìmesì ní gbọ̀ngàn ló ti kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn. Delmer Ruppel ló ṣe é fún. Delmer ló ń darí yúkà Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ti sin ẹlẹ́dẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níwájú òun mọ́. Verla ní kó mú káàdì kan lọ́kàn. Delmer ní òun ti mú un, kó wá wò ó bó bá lè rí i. Nígbà tí Verla gbé káàdì Delmer sókè, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Gbogbo gbọ̀ngàn rọ́ wá. Wọ́n ní kó ṣe tàwọn, kó ṣe tìyàwó àwọn, kó ṣe ti pásítọ̀. Verla ṣe é, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ápù. Wọ́n gbé àwo àkàrà kéékèèké olóyin síwájú rẹ̀ bí ẹní gbé e síwájú ìyàwó tuntun. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ju èyí tó sọ ní gbogbo ọdún lọ.

Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó ti ń wo inú ẹyin láti ọjọ́ yìí wá, ṣé orí Delmer ló máa wá ṣòro fún un, nígbà tí èèpo rẹ̀ kò tó ti ẹyin? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Delmer náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún yí, tí yúkà tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Verla jókòó, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gbé káàdì mọ́ àyà. Ọkùnrin kan wọ jígí dúdú wá, nínú ilé. Obìnrin kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé kó máa ronú nípa ọbẹ̀ àlùbọ́sà, kí Verla má baà rí káàdì rẹ̀. Bí ìyà ṣe máa jẹ ẹni, orí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣe Verla níre nídìí ayò ní àkókò náà. Ó borí ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó gbé sọ́séèjì olóòórùn èéfín lọ sílé. Ó tún borí ní èyí tó tẹ̀ lé e. Káàdì dáadáa ló ń wọlé fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Ó sọ fún wọn pé òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ohun tí ẹni tó ń rí nǹkan máa sọ náà nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Delmer bá a níbi tí wọ́n ń gbé kóòtù kọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìdajì gbọ̀ngàn nìkan ló gbọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe pé àwọn rò pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ni, àwọn méjì sì ti ní àwọn kò ní wá mọ́. Ó ní kó sinmi ayò títí ilẹ̀ á fi rọ̀. Wọ́n nílò ọwọ́ ní ilé ìdáná, ta ló sì mọ sánwíìṣì gé bíi tirẹ̀?

Ìdáhùn wá sí Verla lẹ́nu. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa mọ́, Delmer ti wọ bàtà rẹ̀, ó ti jáde.

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́ Verla. Ó dúró ní ilé ìdáná, níbi fèrèsé tí wọ́n ń gba tíì kọjá, ó ń gé etí búrẹ́dì, ó sì ń gbọ́ bí káàdì ṣe ń bọ́ lórí tábìlì. "Mo kọ̀ ọ́." "Gbé e." Ohun tó dùn ún jù ni pé tábìlì Delmer kò pé. Mẹ́ta ni wọ́n, àga kẹrin ṣófo. Wọ́n ń pín káàdì fún àga náà, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á sì máa ta á lọ. Àga lásán ni wọ́n yàn láti bá ta ayò dípò Verla. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi rọ̀, ta ló máa rántí pé ẹnì kan ti jókòó níbẹ̀ rí?

Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ayò dúró díẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Nettie wá gba omi gbígbóná. Nettie Dietz ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí kì í pè é ní Àǹtí, kò sì sí ẹni tó tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, ó ń wo Verla.

"Verla, ṣé lóòótọ́ lo ń rí ohun tó wà lórí wa?"

"Rárá, Àǹtí."

"Áà, ó dùn mí o. Mo ti fẹ́ kí o bá mi wo ibi tí mo gbé eyín mi sí."

Verla rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. Àǹtí Nettie ní kó jáde lọ sọ fún wọn. Verla ní òun kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà.

"Nígbà náà, má sọ ọ́," ni màmá náà wí, ó sì gba omi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí etí Verla bí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí ihò rẹ̀. Fi káàdì lé e lọ́wọ́. Jẹ́ kí òun náà ṣe é. Ó gbé ọ̀bẹ búrẹ́dì sílẹ̀, ó mú ṣíbí irin, ó fi lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tíì ńlá náà. Gbogbo orí yíjú sí fèrèsé.

"Delmer," ó wí, "ìwọ lo máa pín káàdì. Àǹtí Nettie ló máa mú ọ̀kan lọ́kàn. Èmi á fa pátákó fèrèsé yìí wálẹ̀. Mi ò ní rí yín, mi ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí káàdì Àǹtí kò bá jáde, màá máa gé búrẹ́dì yín títí ayé. Bó bá jáde, ẹ jẹ́ kí n padà sí àga mi."

Ẹnì kan ní kí Delmer gbà, àbí ẹ̀rù búrẹ́dì ń bà á? Delmer ní ẹ̀rù kankan kò ba òun. Ó mú páàkì orí tábìlì rẹ̀. Verla fa pátákó náà wálẹ̀, òkùnkùn díẹ̀ bo ilé ìdáná, ó sì dà bí ìgbà tó wà nílé iṣẹ́ ẹyin. Ó gbé etí lé pátákó.

Ó ní kó tẹ́ gbogbo káàdì sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, kó bẹ̀rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kó dojú wọn sókè. Ó gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́. Ó ní kí Àǹtí Nettie mú ọ̀kan lọ́kàn, kó sọ ìlà rẹ̀ nìkan. "Àárín," ni Àǹtí wí. Verla ní kí Delmer fi ìlà náà sáàárín àwọn méjì yòókù, kó tún pín in. "Òsì." Ó tún fi í sáàárín, ó tún pín in. "Àárín." Ó tún fi í sáàárín. Àwọn ènìyàn ti dìde kúrò lórí àga, Verla ń gbọ́ bí pákó ilẹ̀ ṣe ń dún bí wọ́n ti ń sún mọ́ tábìlì.

Ó ti la ẹnu láti ní kó kà á dé ìkọkànlá. Ibẹ̀ ni ohùn Delmer ti dún.

"Ẹ wò ó bó ṣe gún régé, mẹ́jọ mẹ́jọ mẹ́jọ. Páàkì gbọ̀ngàn rèé, kì í ṣe tirẹ̀ tó máa ń kó sápò o. Kò sí nǹkan tó fi sínú eléyìí."

Verla gbé etí kúrò lára pátákó. Mẹ́jọ! Òun kò ní kó yọ mẹ́ta. Láti ọjọ́ yìí wá, páàkì inú àpamọ́wọ́ rẹ̀ tó ti dín mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ló ń lò, kò sì rántí pé ti gbọ̀ngàn pé. Káàdì Àǹtí Nettie wà ní ipò ìkejìlá, tàbí ìkẹtàlá. Bó bá mú ọ̀kan tó sì jẹ́ èkejì, ó tán.

"Verla," ni Delmer ké, "ṣé o ti sùn ni?"

Ọbẹ̀ jíjóná ló wá sí i lọ́kàn. Òórùn rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà tábìlì, lẹ́yìn náà ológbò tó sá jáde.

"Pín in lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí.

"Mo ti pín in nígbà mẹ́ta. Kérésìmesì, ìgbà mẹ́ta ni."

"Kérésìmesì ti lọ, Delmer. Pín in."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Verla di ṣíbí náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí Àǹtí bá sọ pé àárín, ó tún bàjẹ́ nìyẹn, ó jẹ́ pé Delmer ti ṣe àṣìṣe ní ibì kan.

"Òsì," ni Àǹtí Nettie wí.

Ọkàn Verla fò bí ẹja. Ó ní kí Delmer ka ìlà òsì láti òkè, kó fi ìka lé ìkarùn-ún, kó wo ojú Àǹtí Nettie dáadáa, kó sì sọ fún un pé káàdì tó ń rò nìyẹn. Delmer ní báwo ni òun á ṣe mọ ohun tí Àǹtí ń rò? Verla ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Delmer kà á láti òkè, ó sì fi ìka lé ìkarùn-ún.

"Àǹtí," ni Delmer wí, ohùn rẹ̀ sì kéré fún ìgbà àkọ́kọ́, "ẹ̀yin ń rò… mẹ́sàn-án dáyámọ́ńdì?"

Mẹ́sàn-án ni káàdì tó kéré jù nínú yúkà. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ, ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ máa ń dijú ni.

"Delmer Ruppel," ni Àǹtí Nettie wí, "ta ló sọ fún ọ? Mo mú un nítorí pé kò sí ẹni tó máa ń mú un."

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn náà mú kí yìnyín já bọ́ lórí òrùlé. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń gbá Delmer lẹ́yìn, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn àwọn. Delmer ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ fún. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá súnmọ́ ọn pé òun kò ṣe nǹkan kan.

"Ohun tí Verla náà sọ nìyẹn," ni ọkùnrin oníjígí dúdú wí, ó sì bọ́ jígí náà kúrò lójú.

Delmer kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó ní òun máa tún un ṣe, ó yan ẹlòmíràn, ó ń kígbe sí pátákó pé kí Verla máa sọ fún òun. Verla ní bó bá fẹ́ kó yá, kó yọ mẹ́ta kúrò. Delmer ní láéláé, ẹnikẹ́ni kò ní yọ káàdì kúrò nínú páàkì gbọ̀ngàn níṣojú òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń pín in ní Ballinrae, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe é. Káàdì kejì tún jáde. Delmer fò sókè bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìgbà tí wọ́n ní kí ayò bẹ̀rẹ̀ padà ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Bó ṣe jókòó, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gbé káàdì mọ́ àyà. Ọ̀kan ní òun ń ronú nípa ọbẹ̀ àlùbọ́sà o. Òmíràn ní ó tó àkókò kí Delmer sinmi títí ilẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n nílò ọwọ́ ní ilé ìdáná. Delmer wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pọ́n láti ọrùn dé orí, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó dìde, ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó gbé pátákó náà sókè fúnra rẹ̀.

Verla ṣì di ṣíbí mú.

"Mo ṣe é láìdáa," ni Delmer wí. "Jáde wá. Àga yẹn kò mọ ayò ta."

Verla tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e kọ́. Wọ́n yà fún un bó ti ń kọjá. Delmer fa àga kẹrin sẹ́yìn fún un, Verla jókòó, ó sì kó káàdì tí wọ́n ti pín fún àga lásán sọ́wọ́. Kò dáa rárá, mẹ́sàn-án dáyámọ́ńdì sì wà níbẹ̀. Delmer jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé káàdì tirẹ̀ sókè, ó wá fi ojú kan wo Verla láti òkè wọn.

"Má wo inú orí mi o."

Ìdáhùn wá sí Verla lẹ́nu, kò sì yí i síbì kankan.

"Delmer, ẹyin ni mo máa ń wò, kì í ṣe èèpo lásán. Gbé e."

Ẹ̀rín gbọ̀ngàn náà gba ìta lọ. Delmer mi orí, ó gbé káàdì tí wọ́n ṣí sáàárín tábìlì, ayò sì bẹ̀rẹ̀.